Oògùn Ẹ̀gbọ́n Mi Ni, Kì í Ṣe Tèmi

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ìkòsì máa ń wá jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́, nísinsìnyí tí orúnkún kò jẹ́ kí n lè dúró nídìí káńtà mọ́. Wọ́n á ní, "Mọ́mì, ṣé iṣẹ́ kẹ́míìsì dára? Ṣé ká lọ kọ́ ọ?" Ohun tí wọ́n ń rí ni aṣọ funfun, ṣọ́ọ̀bù tó tutù, àti páálí oògùn tó tò lọ rẹrẹ. Mo máa ń ní kí wọ́n fara balẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ kan ti rí, kó má bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́. Kó bi ẹni tó ti jáde níbẹ̀, kó sì gbà kí onítọ̀hún sọ ọ́ tán.

Ìlú kékeré kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta ni mo ti wá sí Kétu. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san fún mi kò ní ìtàn nínú. Ìyá ìjọ wa kan ló mú mi lọ, ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó náà kéré. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà lójú ọ̀nà tó ti Kétu wọ Ìkòsì. Apòògùn tó kàwé yanjú ni ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ṣíbí ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ṣíbí pẹlẹbẹ tí a fi ń ka hóró oògùn kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Láyé ìgbà náà, inú agolo ńlá ni oògùn ti ń wá. A ó da á sórí àwo, a ó sì máa fi ṣíbí yẹn kà á sínú ọ̀rá. Bí o bá fi ìka kan hóró kan pẹ́rẹ́, ṣíbí á ti bá ọ ní eegun ìka kí o tó ṣẹ́jú.

"Ẹnu ẹni ẹlẹ́ni nìyẹn ń lọ," á wí. "Ṣé o fẹ́ ki ìka bọ̀ wọ́n lẹ́nu ni?"

Síbẹ̀, kì í ṣe oògùn kíkà ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Etí ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Ó gbé àpótí kan sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ní kí n jókòó síbẹ̀, kí n máa gbọ́ ohùn àwọn oníbàárà láìrí ojú wọn. Bí oníbàárà bá ti lọ, á ká kọ́tìnnì sókè.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ó ní orí ń fọ́ òun, sà."

"Ohun tó sọ nìyẹn. Mo ní kí ló ń ṣe é?"

Mo sunkún lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn ju bí mo ti sunkún nígbà tí bàbá mi kú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Mo gbọ́ obìnrin tó ń béèrè oògùn ibà tó jẹ́ pé oyún ló ń bà á lẹ́rù. Mo gbọ́ ọkùnrin tó ń ra oògùn kòkòrò fún ọmọ, tó jẹ́ pé ebi ló ń pa ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ ní káńtà dà bí aṣọ tó fi bora. Iṣẹ́ wa ni láti mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ láìtú u ní gbangba. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, Ọ̀gá a máa wí, kò sì fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá.

Ibi tí aṣọ yẹn ti ń nípọn jù ni ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ọkùnrin àgbà. Nǹkan kan wà lábẹ́ ilé ìtọ̀ ọkùnrin, ó yí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká bí òrùka yí ìka ká. Próstéètì ni wọ́n ń pè é. Bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà, á máa wú, á sì máa fún ọ̀nà náà pa. Ìtọ̀ á máa kán tó, tó, tó, ọkùnrin á sì máa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọkùnrin Yorùbá lè sọ fún ọ pé òun jalè kó tó sọ ìyẹn. Bó bá ní ìtọ̀ ń há òun, wọ́n á ní àtọ̀sí ni, pé ó ti gbé e níbi tí kò yẹ kó dé. Bó bá ní òun ń tọ̀ léraléra, wọ́n á ní àtọ̀gbẹ ni, ìyàwó á kó ṣúgà kúrò nílé. Nítorí náà á wá sí káńtà, á ní ẹ̀yìn ló ń ro òun. Á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Á ní òun kò rí oorun sùn. Èmi ọmọdébìnrin tí wọ́n ń pè ní Sístà nígbà náà ni mo sì dúró níwájú rẹ̀, ta ni yóò sọ òótọ́ fún irú mi?

Òfin Ọ̀gá ni pé bí ọkùnrin tó ti hu ewú bá béèrè oògùn oorun, oògùn ẹ̀yìn tàbí oògùn ọ̀fìnkìn, kí n kọ́kọ́ bi í pé, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń dìde lóru?" Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn oògùn ọ̀fìnkìn kan àti àwọn tó ń kun ni lóorun lè ti ọ̀nà ìtọ̀ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pa pátápátá. Mo ti rí alábàárù kan láti Máìlì 12, tí eruku ata gbígbẹ máa ń mú kó sín. Ó ra irú oògùn bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, ó gbé e mì, ìtọ̀ sì sé. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, abẹ́ ìdodo rẹ̀ le bí bọ́ọ̀lù, ó ń ké bí obìnrin tó ń rọbí. A kò ní ohun tí a lè ṣe ju pé kí a bá wọn wá ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ọsibítù.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ sí oògùn fún próstéètì tó wú. Iṣẹ́ abẹ ni, tàbí àgbo. Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn oògùn kan tó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ lò ó lè dìde lórí àga kó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Bí àwọn tó dára ju ìyẹn lọ ṣe ń dé, agolo àti àwo ń kúrò lórí káńtà. Oògùn di ti sáṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ti kà á sí, a kò kà á mọ́. Ayédèrú náà dé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹ̀yìn páálí, a ń fi nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù kí a tó gbà pé ojúlówó ni. Lónìí, wọn kì í tiẹ̀ wá fúnra wọn mọ́. Wọ́n á ya fọ́tò sáṣẹ́ tó ti tán, wọ́n á fi ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù: "Ẹ fún ọlọ́kadà ní irú èyí." Fọ́tò kò ní ohùn. Ọ̀gá kórìíra rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà bi fọ́tò pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ń dìde lóru?"

Àwọn ènìyàn ti ń pè mí ní Mọ́mì nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Ọmọ ìyá méjì kan wà tí wọ́n ń jó irin ní Owódé Onírin, tí ilé wọn sì wà ní Ajégúnlẹ̀ lẹ́bàá odò, níbi tí omi ti ń wọlé tọ àwọn ènìyàn wá ní gbogbo ìgbà òjò. Apá Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá. Ẹ̀gbọ́n ni Àlàájì Mùfú, ó sanra, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Àbúrò ni Làmídì, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín ló máa ń fi dáhùn ọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ni wọ́n jọ ń lò, àwo kan ni wọ́n jọ ń jẹun nínú rẹ̀ lọ́sàn-án. Bí Àlàájì bá jẹun kù, ti Làmídì ni. Bí Làmídì bá ra bàtà tuntun, Àlàájì ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ sí Jímọ̀. Kò sí ẹni tó rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Àwa náà máa ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó ń bá ọmọ ìyá wọn jà.

Lọ́jọ́ kan Àlàájì wọlé, Làmídì tẹ̀ lé e.

"Mọ́mì, ẹ fún mi ní nǹkan tí mo fi máa sùn bí ọmọ tuntun."

Kí n tó la ẹnu, Ọ̀gá ti dá a lóhùn láti ẹ̀yìn: "Ọmọ tuntun ń tọ̀ sára mọ́jú, Àlàájì. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ fẹ́ ẹ?"

Làmídì bú sẹ́rìn-ín. Àlàájì kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ilẹ̀. Ọ̀gá pè é wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, wọ́n sọ̀rọ̀, ó sì rán an lọ sí ọsibítù.

Nígbà tó padà, ìwé dókítà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti gbilẹ̀ bó ti máa ń rí. "Ẹ gbà mí o! Dókítà tí mo lè bí lọ́mọ! Ó ní kí n bọ́ ṣòkòtò, kí n yí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Mo ní, 'Dókítà, níbo lẹ ń lọ?' Ó ní, 'Bàbá, ẹ mí kanlẹ̀.' Mọ́mì, ìka ni! Ní ìdí mi! Èmi Mùfú!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín. Làmídì gbá ọwọ́ mọ́ ìdí ara rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bá àwa méjèèjì ṣe é nìyẹn. Èmi ò lọ o."

A rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà.

Oògùn méjì ló wà nínú ìwé náà, tamsulósìn àti finasteráìdì. Ọ̀gá tẹ́ ẹ sórí káńtà, ó ní, "Àlàájì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní èdè iṣẹ́ yín. Páìpù kan wà, nǹkan kan yí i ká, ó ń wú, ó sì ń fún páìpù náà pa. Oògùn àkọ́kọ́ yìí kò ní kó má wú. Ńṣe ló máa mú kí ọwọ́ tó di páìpù náà mú dẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ omi á máa lọ, ara á tù yín. Èkejì ló ń sọ ohun tó wú náà di kékeré, ṣùgbọ́n ó lè tó oṣù mẹ́fà kí ẹ tó mọ̀ pé ó ń ṣe nǹkan kan. Dókítà ní kí ẹ lo méjèèjì nítorí pé tiyín ti tóbi. Ọ̀kan fún òní, ọ̀kan fún ọ̀la."

"Kí ni wàhálà wọn?"

"Èyí tó ń yára, bí ẹ bá dìde lójijì, òòyì lè kọ́ yín. Ẹ má gun àkàbà nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èyí tí kì í yára…" Ọ̀gá wò mí, mo sì kọjú sí pẹpẹ oògùn bó ti kọ́ mi. "Èyí tí kì í yára lè mú kí ara má fi bẹ́ẹ̀ béèrè obìnrin mọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Àlàájì lu káńtà. "Ìyàwó mi kékeré ò tíì gbé ẹrù rẹ̀ délé tán!"

"Ẹ gbọ́ èyí tó kù. Kí obìnrin tó lóyún má fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tó bá fọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín láti fi wò ó bóyá jẹjẹrẹ wà níbi tó wú yẹn, ẹ sọ fún un pé ẹ ń lo èyí. Nǹkan tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, oògùn yìí máa ń fà á wálẹ̀ dé ìdajì. Dókítà tó bá mọ̀ á ṣírò rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Èyí tí kò bá mọ̀ á ní ara yín dá."

Àlàájì ní òun ti gbọ́. Ó ti sọ méjèèjì lórúkọ kó tó kúrò níbẹ̀: Ehoro ni èyí tó ń yára, Ìgbín ni èkejì. Nígbà tó padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, orin ló ń kọ wọlé. Ó ní Ehoro ti sáré dé, ìtọ̀ òun ń dún nílẹ̀ bí ti ọmọkùnrin. Ó ní kí a máa ta Ehoro nìkan fún òun, kí Ìgbín máa lọ sí ọ̀nà oko rẹ̀.

"Bí ìwé bá ṣe wí ni," Ọ̀gá dáhùn. "Kẹ́míìsì mi kì í gé ìwé dókítà sí méjì. Ẹ kó méjèèjì, tàbí kí ẹ padà lọ bá dókítà."

Àlàájì kò fẹ́ padà sọ́dọ̀ dókítà àti ìka rẹ̀. Lóṣooṣù ló ń kó méjèèjì. A rò pé ó ń lo méjèèjì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ fún wa nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́. Hóró Ìgbín kan kò kọjá ọ̀fun rẹ̀. Làmídì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lóru, ó sì ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí wọn kì í sọ fún ara wọn. Àlàájì ní, "Ìyá kan ló bí wa. Ohun tó ń ṣe mí náà ló ń ṣe ọ́, wọ́n sì ti yẹ̀ mí wò. Gba èyí, máa lò ó." Ó fún un ní Ìgbín. Ehoro jẹ́ ti àgbà. Ìgbín tó ṣẹ́kù jẹ́ ti àbúrò, bí oúnjẹ tó ṣẹ́kù nínú àwo. Nǹkan rere kì í ṣòfò láàárín ọmọ ìyá.

Ìwé dókítà kan wá di ti ọkùnrin méjì. Ọ̀kan ń rí ìtura, ohun tó wú sì ń wú lọ lábẹ́ ìtura náà. Èkejì ń lo oògùn tó lè fi jẹjẹrẹ pamọ́ fún ẹni tí kò mọ̀, dókítà kankan kò sì tíì fọwọ́ kàn án rí.

Nígbà tó ṣe, àwọn kan ta kánópì sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Máìlì 12, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi wo próstéètì. Làmídì lọ, nítorí wọ́n ní abẹ́rẹ́ nìkan ni, kò sí ìka. Nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bi í ní ohun tó yẹ kó bi í. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ní oògùn kankan tí ẹ ń lò?"

Làmídì ní, "N kò ní."

Kò purọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí pé àwọn kan ti pè é ní òpùrọ́ létí mi. Wọ́n bi í bóyá ó ní oògùn. Kò ní. Àlàájì ló ni oògùn. Orúkọ Àlàájì ló wà nínú ìwé, owó Àlàájì ni wọ́n fi rà á, àpò Àlàájì ló ti ń jáde. Nínú ọkàn Làmídì, òun kàn ń bá ẹ̀gbọ́n òun jẹ nínú ohun tó ni ni. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ń gbé mì láràárọ̀, ìdáhùn mìíràn la bá gbọ́.

Èsì jáde, ó wálẹ̀ dáadáa. Ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ́jọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, wọ́n ní ara mi dá ṣáṣá." Mo bá a dúpẹ́. Ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà lọ, bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, ó ní irin jíjó ni, nítorí iṣẹ́ àbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ ni. Bí itan bá ń dùn ún, ó ní àwọn irin tí òun gbé ni. Wọ́n fi òróró ra á. Wọ́n sin gbẹ́rẹ́ fún un. Wọ́n gbo àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún un. Ta ló máa wá jẹjẹrẹ lára ẹni tí ìwé àyẹ̀wò ní ara rẹ̀ dá?

Ọ̀sán kan ló wọlé pẹ̀lú ọ̀pá, òun nìkan. Ó béèrè oògùn ara ríro, èyí tó bá le jù. Mo wo bó ṣe ń fa ẹsẹ̀ òsì. Mo bi í ní ìbéèrè wa.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń dìde lóru?"

"Ó ti dín kù, Mọ́mì. Kì í tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìgbín yẹn ti bá mi ṣe díẹ̀ níbẹ̀."

"Ìgbín wo?"

"Ti Ẹ̀gbọ́n mi náà kẹ̀. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń tà á ni?"

Kọ́tìnnì ká sókè. Ọ̀gá ti darúgbó nígbà yẹn, ó máa ń rọra rìn, ṣùgbọ́n n kò mọ ìgbà tó fi dé ẹ̀gbẹ́ mi.

"Làmídì, látìgbà wo lẹ ti ń lo oògùn yẹn?"

"Ó ti pẹ́, sà. Látìgbà tí Ẹ̀gbọ́n ti ń rà á."

"Ṣáájú àyẹ̀wò ti kánópì?"

"Ṣáájú dáadáa."

"Ẹ sì sọ fún wọn?"

"Kí n sọ kí ni, sà? Wọ́n ní ṣé mo ní oògùn. Oògùn Ẹ̀gbọ́n mi ni, kì í ṣe tèmi."

Ọ̀gá jókòó sórí páálí omi tó wà nílẹ̀. Mi ò rí i kó jókòó níwájú oníbàárà rí. Làmídì wò ó, ó wò mí, ẹ̀rín rẹ̀ ṣì wà lójú, bí ìgbà tí ènìyàn gbàgbé láti pa iná.

"Ṣé mo ṣe nǹkan ni?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan," Ọ̀gá wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Èmi ni màá mú yín lọ."

Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ gbà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ bó ṣe yẹ. Dókítà fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò, Làmídì kò sì bá a jà. Ohun tó kàn níbẹ̀ le bí òkúta. Wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀, jẹjẹrẹ ti wọ eegun ẹ̀yìn, ó ti dé itan. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń fi ebi pa jẹjẹrẹ yẹn, ara sì tù ú fún ìgbà díẹ̀, débi pé ó lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù tó ń wo àwọn tó ń jó irin. Lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ náà kò ràn án mọ́.

Orí bẹ́ǹṣì ọsibítù, níbi tó ti ń dúró de àbúrò rẹ̀, ni ìtọ̀ Àlàájì ti sé. Ehoro kò lè sáré mọ́, nítorí ohun tó wú ti wú kọjá agbára rẹ̀. Wọ́n ki rọ́bà bọ ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n so báàgì tí ìtọ̀ ń dà sí mọ́ itan rẹ̀, wọ́n ní kó múra iṣẹ́ abẹ. Ó kọ̀. Ó ní, "N kò ní sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tèmi nígbà tí Làmídì ò tíì dìde lórí tiẹ̀."

Èmi àti Ọ̀gá lọ wò wọ́n ní Ajégúnlẹ̀ nígbà tí omi ti wọ àdúgbò. Pákó la tẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì Làmídì sókè, omi sì ń tàn yòò lábẹ́ rẹ̀. Àlàájì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tó rí Ọ̀gá, ó gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣẹlẹ́rìí mi." Kó tó di pé a mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi náà, níwájú àbúrò rẹ̀. Mo dàgbà nílẹ̀ Yorùbá, n kò rí i rí kí ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò. Mo fi ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Làmídì, forí jì mí. Èmi ni mo fún ọ jẹ."

Ohùn Làmídì ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Rọ́bà yín á fà yọ."

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ dìde," Làmídì tún wí. "Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rí yín. Bí ẹ bá ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, ta ni mo fẹ́ máa pè ní ẹ̀gbọ́n?"

A gbé Àlàájì dìde. Omi ń kán lára rẹ̀. Báàgì tó wà ní itan rẹ̀ ti kún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára, mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ọ̀gá mi kò tàn wá, kò fi oògùn burúkú fún ẹnikẹ́ni. Oògùn méjèèjì dára. Wọ́n ń gba àwọn ọkùnrin sílẹ̀ lójoojúmọ́ ní Kétu yìí, mo sì mọ ọ̀pọ̀ tó ń lò wọ́n bó ṣe yẹ tó ń sun oorun wọn. Gbogbo ohun tó yẹ ká sọ la sọ lọ́jọ́ yẹn, pátá. Ẹni tí a sọ ọ́ fún kò nílò rẹ̀, ẹni tó nílò rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá lè gbé irú ìyẹn lọ sílé lálẹ́, kí ẹ sì padà ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ẹ lọ kọ́ ọ. Láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, bí mo bá ta oògùn yẹn, n kì í béèrè mọ́ pé ta ló ni ín. Mo máa ń béèrè pé ẹnu ta ló ń lọ.

Làmídì kú kí omi tó fà. Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ kò ṣeé gbẹ́, nítorí náà wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e jáde, wọ́n sì gbé e lọ sí itẹ́ òkú Mùsùlùmí kan níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Àwa obìnrin dúró lẹ́bàá ògiri, lókèèrè. Nígbà tó kan kí ọmọ ìyá wọ inú sàréè kó gba òkú, gbogbo ènìyàn wo Àlàájì. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ká agbádá sókè, báàgì náà sì hàn ní itan rẹ̀, ìtọ̀ inú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ó gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ó tún gbìyànjú. Ààfáà kan rọra di apá rẹ̀ mú, mọ̀lẹ́bí wọn kan sì bọ́ sínú sàréè dípò rẹ̀.

Àlàájì dúró létí ibẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di báàgì mú. Ó na ọwọ́ kejì sílẹ̀ síhà àwọn tó wà nínú sàréè, bí ẹni tó ṣì fẹ́ bá wọn gbé e.

"Ẹ rọra," ó ń wí fún wọn. "Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ẹ rọra."